Ẹ̀wà Orí Igi: Àlàyé lórí Chachafruto ti Òkè Andes àti Orúkọ tí ó Yẹ Ẹ́ ní Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ ẹ̀wà létí ọmọ Yorùbá, ohun tí ó máa ń wá sí i lọ́kàn ni ohun ọ̀gbìn tí ń fà nílẹ̀, tí a ń gbìn lọ́dọọdún, tí a ń ká, tí a ń sá sí oòrùn, tí a sì ń tọ́jú pamọ́ de ìgbà òjò mìíràn. Lójú tiwa, ewéko ni ẹ̀wà, kì í ṣe igi. Òtili nìkan ni ó fẹ́ fi ara jọ igi díẹ̀ nínú àwọn tí a ń sè jẹ, òun náà kò sì ga ju ohun tí àgbàlagbà lè na ọwọ́ ká lọ. Ṣùgbọ́n lórí àwọn òkè gíga tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, igi kan wà tí ó ga ju ilé lọ, tí òdòdó rẹ̀ pupa yòò, tí ó sì ń so ẹ̀wà tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń sè jẹ láti ayébáyé.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àlàyé irú igi tí ó jẹ́, ibi tí ó ń hù, bí a ti ń jẹ ẹ́ àti ohun tí ó mú kí ó máa dín kù. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbé ìbéèrè kan tí ó kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n yẹ̀ wò: orúkọ wo ni ó yẹ kí a máa fi pe irú igi bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń túmọ̀ ìwé nípa rẹ̀ sí èdè Yorùbá? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹwà èdè lásán. Igi yìí ní ìbátan nílẹ̀ wa, ìbátan náà sì ní oró nínú. Bí olùtumọ̀ bá fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì, ẹni tí ó ka ìwé rẹ̀ lè jẹ májèlé.

Igi náà àti ibùgbé rẹ̀

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko fún igi náà ni Erythrina edulis. Àwọn ará Kòlóńbíà ń pè é ní chachafruto tàbí balú, a ó sì lo chachafruto nínú àlàyé wa títí a ó fi dé orí ọ̀rọ̀ orúkọ. Igi kékeré ni bí a bá fi í wé ìrókò tàbí àràbà; gíga rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mítà 8 sí 14. Ẹ̀gún wà lára ìtì rẹ̀. Ewé rẹ̀ máa ń yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, gan-an gẹ́gẹ́ bí ewé ẹ̀wà oko wa. Ẹni tí ó bá ti wo ewé ẹ̀wà dáadáa rí yóò rí ìjọra náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àfi pé ewé ti chachafruto fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ẹ̀gbẹ́ òkè Andes ni ilé rẹ̀, láti Fẹnẹsúẹ́là, gba Kòlóńbíà, Ẹ̀kúádọ̀ àti Pérù kọjá, dé Bòlífíà. Kò sí ní ṣóńṣó òkè níbi tí yìnyín wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní ẹsẹ̀ òkè níbi tí ooru ti mú. Àárín méjèèjì ni ó wà, ní nǹkan bí mítà 1,200 sí 2,600 sí ìtẹ́jú òkun. Kí ìwọ̀n yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a rántí pé òkè Ìdànrè kò tó mítà 1,000, àti pé Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, òkè tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, jẹ́ mítà 2,419. Ní irú gíga bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tí ó ń bọ̀ láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ máa ń tutù bí ó ti ń gun òkè. Yóò di kùrukùru. Kùrukùru náà yóò fara gbá ewé igi, yóò di omi, yóò sì máa kán sílẹ̀. Igbó ibẹ̀ lè máa kán tótó ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ rárá.

Iṣẹ́ oko kò rọrùn ní irú ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣán an kanlẹ̀, òjò yóò gbá erùpẹ̀ rẹ̀ lọ sí àfonífojì. Ìdí nìyí tí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú, tí ó tún ń pèsè oúnjẹ, fi níye lórí fún àgbẹ̀ orí òkè. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn inú ìdílé ẹ̀wà, chachafruto ní kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Inú kókó wọ̀nyí ni àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Wọ́n ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tí igi lè lò. Igi náà ń fi ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe bọ́ wọn padà. Ewé tí ó bá já bọ́ ń sọ ilẹ̀ di ìlẹ̀dú. Nítorí èyí ni àwọn àgbẹ̀ kọfí ṣe ń gbìn ín sáàárín kọfí kí ó lè máa ṣíji bò ó, àwọn ẹlòmíràn sì ń gé ewé rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Wọ́n tún ń gbìn ín yí ilẹ̀ ká bí ọgbà.

Òdòdó rẹ̀ ni arìnrìn-àjò máa ń kọ́kọ́ rí láti òkèèrè. Ó pupa, ó sì ń yọ jọ lórí ọ̀pá gígùn. Pupa yìí ni ó fún ẹ̀yà igi náà ní orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, nítorí pé erythros ni “pupa” ní èdè Gíríìkì. Ẹyẹ ni ó máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó náà láti orí igi kan dé orí èkejì. Ẹyẹ ọ̀hún kéré jọjọ, kò sì sí irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ìyẹ́ rẹ̀ ń yára lù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́ níwájú òdòdó, kí ó na ẹnu gígùn rẹ̀ wọ inú rẹ̀, kí ó sì fa omi dídùn ibẹ̀ mu.

Àpò èso ni ó ń tẹ̀lé òdòdó. Ó lè gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó sì máa ń fún wọlé láàárín hóró kan sí èkejì, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Nǹkan bí hóró 6 ni ó sábà máa ń wà nínú àpò kan, ó lè dín, ó sì lè lé. Hóró náà rí bí iwe ẹran, ó sì lè tóbi tó awẹ́ obì. Ẹ̀wà oko wa kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá ní ti títóbi.

Sísè àti jíjẹ

A kì í jẹ chachafruto ní tútù. Bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wà, hóró rẹ̀ ní àwọn èròjà kan tí ń dí ikùn lọ́wọ́ láti da oúnjẹ, iná ni ó sì ń pa wọ́n. Àwọn tí ó ni ín máa ń yọ ọ́ kúrò nínú àpò rẹ̀, wọn a fi omi àti iyọ̀ sè é fún bí wákàtí kan, wọn a bó awọ rẹ̀, wọn a sì jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ iṣu sísè. Adùn díẹ̀ wà lára rẹ̀. Wọ́n tún ń gún un, wọ́n ń fi í sínú ọbẹ̀, wọ́n ń pò ó mọ́ ẹyin kí wọ́n tó dín in, wọ́n sì ń lọ ọ́ ní ìyẹ̀fun fún àkàrà òyìnbó. Ìyàwó ilé Yorùbá tí ó bá mọ gbẹ̀gìrì, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí a lè fi irú hóró bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ní ti èròjà ara, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún hóró tútù ni ó jẹ́ omi. Bí a bá mú omi yìí kúrò, ohun tí ó ṣẹ́kù ní purotéènì, èyí tí à ń pè ní èròjà amáradàgbà, tí ó lé ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n yìí kò jìnnà sí ti ẹ̀wà tí à ń rà lọ́jà. Kí òǹkàwé má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ omi yìí. Òun ni ó ṣe okùnfà ìṣòro tí a ó sọ láìpẹ́.

Ní ọdún 1989, National Research Council ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Lost Crops of the Incas, wọ́n sì ka igi yìí mọ́ àwọn ohun ọ̀gbìn inú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ basul. Ìwé náà ṣe iṣẹ́ ribiribi, nítorí pé ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ lágbàáyé mọ ohun tí àwọn ará òkè Andes ń jẹ. Àmọ́, a kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ “sísọnù” tí ó wà nínú àkọlé rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń gbé ka iná ní ilé kò tíì sọnù. Àwọn tí kì í jẹ ẹ́ ni kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan láti ìlú òyìnbó bá kọ̀wé pé irú ti sọnù ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rín ni yóò pa àwọn ìyá wa.

Hóró tí kì í dúró

Chachafruto kò tíì sọnù, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó lè gbà sọnù wà, inú hóró rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà náà sì wà. Àwọn ohun ọ̀gbìn pín sí ọ̀nà méjì ní ti ìpamọ́ irúgbìn. Ẹ̀wà àti àgbàdo wà lára àwọn tí a lè sá gbẹ. Bí wọ́n bá ti gbẹ, wọn a máa sùn; a lè so wọ́n mọ́ àjà lókè ààrò, kí wọ́n sì hù nígbà tí òjò bá dé. Obì àti kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò sá kòkó gbẹ tán kí ó tó gbé e lọ gbìn, nítorí pé èyí tí ó gbẹ ti kú. Ti ọjà nìyẹn. Tútù ni a ń mú irúgbìn kòkó láti inú èso rẹ̀ sínú ilẹ̀.

Ẹgbẹ́ obì àti kòkó ni chachafruto wà, ó tilẹ̀ le ju tiwọn lọ. Ìgbà mìíràn wà tí hóró rẹ̀ máa ń hù nínú àpò rẹ̀ kí ó tó já bọ́. Bí omi inú rẹ̀ bá gbẹ, ó kú. Bí a bá sì tọ́jú rẹ̀ ní tútù, ó ń hù tàbí kí ó jẹrà. Nítorí náà, kì í dé ọjà tí ó jìnnà, kò ṣeé kó sínú àpò bí ẹ̀wà tí à ń kó wá láti òkè ọya, oníṣòwò ńlá kò sì rí èrè kankan nínú rẹ̀. Oúnjẹ tí kò bá dé ọjà ńlá kì í pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá fi ń ka á sí oúnjẹ ará oko.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà tún wúwo ju ti ọjà lọ. Ọdún 1967 ni wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ rẹ̀, CIAT, sílẹ̀ ní Kòlóńbíà. Àwọn méjèèjì ní ilé ìpamọ́ irúgbìn. Oríṣi ẹ̀wà oko wa tí ó wà ní ìpamọ́ ní Ìbàdàn lé ní 15,000. Oríṣi ẹ̀wà ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó wà ní ọwọ́ CIAT, ní Palmira lẹ́bàá ìlú Cali, lé ní 37,000. Ṣe ni wọ́n máa ń gbẹ irúgbìn wọ̀nyí dáadáa, tí wọn a sì fi wọ́n sínú òtútù líle. Wọ́n tún ń fi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ sí ihò inú òkè tí wọ́n ṣí ní Svalbard, ní ilẹ̀ Norway, ní ọdún 2008, kí ogun tàbí ìyàn má baà pa wọ́n run. Gbogbo ètò yìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè gbẹ ni ó wà fún. Chachafruto ń hù ní orí òkè ilẹ̀ Kòlóńbíà kan náà tí ilé ìpamọ́ ẹ̀wà ńlá yẹn wà, síbẹ̀ kò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé bí ẹ̀wà ti ń wọlé. Ilé ìpamọ́ tirẹ̀ ni ẹ̀yìnkùlé àti etí oko.

Òótọ́ ni pé a lè gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn. Bí a ti ń ri akòko tàbí ìyèyè mọ́lẹ̀ tí ó ń sọjí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá chachafruto ń yọ gbòǹgbò. Ọ̀nà yìí rọrùn, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe ọgbà tí ó ń hù. Ṣùgbọ́n igi kan náà ni a gbé láti ibì kan dé ibòmíràn nígbà tí a bá gé ẹ̀ka gbìn. Bí àrùn kan bá lè pa ìyá, yóò pa gbogbo ẹ̀ka tí a gé lára rẹ̀. Hóró ni ó ń mú ìyàtọ̀ wá, hóró kò sì dúró de ẹnìkan.

Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kọfí ní Kòlóńbíà gba oríṣi kọfí kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Caturra, èyí tí ó lè so dáadáa nínú oòrùn gbangba bí a bá fún un ní ajílẹ̀. Wọ́n gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi ìbòòji nítorí rẹ̀. Àwa tí a mọ oko kòkó mọ ohun tí igi ìbòòji jẹ́ fún ilẹ̀, a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé àgbẹ̀ tí ó pa ẹ̀wà lásán tì fún ọdún mẹ́ta lè padà sídìí rẹ̀, bí irúgbìn bá wà lórí àjà aládùúgbò. Àdúgbò tí ó bá gé chachafruto rẹ̀ tán kò ní ohun tí yóò padà sí. Ní ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ sí i, ẹni tí ó mọ bí a ti ń sè é yóò ti dàgbà, orúkọ rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ yóò sì máa gbọ́.

Àwọn ìbátan rẹ̀ àti oró inú wọn

Ẹ̀yà Erythrina lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri àwọn ilẹ̀ olóoru àgbáyé. Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe àjèjì sí wa: ológun ṣẹ́ṣẹ́ ni, èyí tí de Candolle sọ ní Erythrina senegalensis ní ọdún 1825. Igi ọ̀dàn àti etí igbó ni. Ẹ̀gún wà lára rẹ̀, ewé rẹ̀ ń yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, òdòdó rẹ̀ pupa, ó sì máa ń yọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé bá ti wọ́, tí igi náà yóò sì dà bí ẹni tí iná ń jó lórí rẹ̀. Àwọn oníṣègùn wa ń lo èèpo àti gbòǹgbò rẹ̀. Hóró rẹ̀ kékeré, ó pupa, ó sì ń dán. Ẹni tí ó bá fi àwòrán òun àti ti chachafruto sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, kò sì parọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kì í ṣe ẹyọ ènìyàn kan. Hóró ọ̀pọ̀lọpọ̀ Erythrina ní àwọn èròjà olóró tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní alkaloid. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yọ díẹ̀ nínú wọn jáde, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ wọn jọ ti oró tí àwọn ọdẹ Gúúsù Amẹ́ríkà ń fi sórí ọfà: wọ́n ń mú kí iṣan ara dẹ̀, títí kan èyí tí a fi ń mí. Alkaloid kì í sì ṣe ohun tí iná ìdáná ń tètè pa. Ní Mẹ́síkò, wọ́n ń se òdòdó Erythrina kan tí wọ́n ń pè ní colorín jẹ, síbẹ̀ májèlé ni wọ́n mọ hóró igi kan náà sí. Orí igi kan ṣoṣo ni ọbẹ̀ àti ikú wà.

Èyí ni ó jẹ́ kí orúkọ kejì igi òkè Andes wa yìí níye lórí. Edulis túmọ̀ sí “ohun tí a lè jẹ” ní èdè Látìn. José Jerónimo Triana, ọmọ ilẹ̀ Kòlóńbíà tí ó bá ìgbìmọ̀ tí ó ya àwòrán ilẹ̀ náà rìn káàkiri láti ṣa ewéko jọ, ni ó fún un lórúkọ yìí. Marc Micheli ti ilẹ̀ Switzerland ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1892, lẹ́yìn ikú Triana. Ilé ni à á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Triana wo ilé náà, ó rí i pé olóró pọ̀ níbẹ̀, ó sì fi orúkọ ya èyí tí a lè jẹ sọ́tọ̀.

Kí ni kí a máa pè é?

Nínú kíláàsì ìtumọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bá Erythrina pàdé máa ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ sínú ìwé orúkọ ewé, ibẹ̀ ni yóò sì ti rí ológun ṣẹ́ṣẹ́. Inú rẹ̀ yóò dùn pé òun rí ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi. Bí ó bá jẹ́ pé àpilẹ̀kọ nípa òdòdó ni ó ń túmọ̀, àṣìṣe náà lè má pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ó bá jẹ́ pé bí a ti ń se hóró rẹ̀ ni ó ń túmọ̀ ńkọ́? Yóò kọ ọ́ pé kí a ká hóró ológun ṣẹ́ṣẹ́, kí a fi iyọ̀ sí i, kí a sè é fún wákàtí kan, kí a sì gbé e fún àwọn ọmọ. Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ yóò gún régé ní ti gírámà. Ní tiwa, a gbà pé kò sí ààyè fún ológun ṣẹ́ṣẹ́ níbí rárá, kódà bí a bá fi “ti òkè” tàbí “ti òyìnbó” kún un, nítorí pé àfikún ni ó máa ń kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu ènìyàn.

Àwọn tí ó ni igi náà fún wa ní àpẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú orúkọ rẹ̀ ní èdè Quechua ni sachaporoto. Poroto ni ẹ̀wà. Ní agbègbè Cusco, igi ni sach'a. Ní Ẹ̀kúádọ̀, igbó ni sacha. Orúkọ náà wá di “ẹ̀wà igi” tàbí “ẹ̀wà igbó”, ó sinmi lórí ibi tí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ti wá. Ní àríwá Pérù, pajuro ni wọ́n ń pè é. Ní Cusco, wọ́n ní orúkọ ọ̀tọ̀, pisonay, fún ìbátan rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Erythrina falcata. A rí i pé àwọn náà kò fi orúkọ kan pe gbogbo ẹbí.

“Ẹ̀wà igi” yìí wu ni, ó sì rọrùn fún ọmọdé. Ohun tí ó jẹ́ kí a lọ́ra ni pé ó lè dún bí orúkọ ẹgbẹ́ dípò orúkọ ẹyọ kan. Igi ìdílé ẹ̀wà tí ó ń so àpò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọmọ tí olùkọ́ kọ́ pé ẹ̀wà igi jẹ́ oúnjẹ lè dúró nídìí àgùnmániyè kí ó sì máa wo èso rẹ̀. Àgùnmániyè fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò láti Mẹ́síkò àti àárín Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn igi tí IITA gbìn láàárín ohun ọ̀gbìn ní Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1970 nígbà tí wọ́n ń wá bí ilẹ̀ yóò ti máa lẹ́tù lójú oko. Matarratón ni wọ́n ń pè é ní Kòlóńbíà, ìyẹn ni “apèkúté”; orúkọ Látìn rẹ̀, Gliricidia, náà ń sọ nípa pípa eku. Nígbà tí igi náà dé ọ̀dọ̀ wa, gíga rẹ̀ ni a wò tí a fi sọ ọ́ lórúkọ, ìkìlọ̀ inú orúkọ rẹ̀ sì dúró sí òkè òkun. Orúkọ àgùnmániyè dùn, a kò ní kí ẹnikẹ́ni yí i padà, ṣùgbọ́n ohun tí a pàdánù níbẹ̀ hàn gbangba.

Ìdí nìyí tí a fi fara mọ́ ọn pé kí a yá orúkọ àwọn onílé, kí a sì yí i sí ohùn Yorùbá. Kò sí ìró ch nínú èdè wa, ṣ ni ó sì máa ń gba ipò rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àyálò, bí ó ti rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. A kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì kọ́ra, nítorí náà fáwẹ̀lì yóò wọ àárín f àti r. Sílébù tí àwọn elédè Sípáníìṣì tẹnu mọ́ jù ni fru, òun ni yóò sì gba ohùn òkè. Ohun tí ó bá òfin wọ̀nyí mu ni ṣaṣafúrútò. Ohùn àárín ni kí ó wà lórí ṣaṣa; bí a bá fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é, ṣàṣà tí a fi ń sọ nípa ohun tí kò wọ́pọ̀ ni òǹkàwé yóò gbọ́. Bóyá èyí kò sì jìnnà sí òótọ́ bí nǹkan ti ń lọ lórí àwọn òkè náà, àmọ́ ìtumọ̀ gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀fẹ̀.

Nínú ìwé tí a bá ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́, ó yẹ kí àlàyé kúkúrú tẹ̀lé orúkọ náà ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá jẹyọ. Irú èyí tí a dábàá nìyí: ṣaṣafúrútò, igi kékeré olódòdó pupa nínú ìdílé ẹ̀wà, tí ó ń hù nínú igbó olókùrukùru lórí òkè Andes, sísè ni a ń se hóró rẹ̀ kí a tó jẹ ẹ́, kì í ṣe ológun ṣẹ́ṣẹ́, a kì í sì í jẹ hóró ológun ṣẹ́ṣẹ́.